Ìborùn Àkọ́kọ́: Iṣẹ́ Kóróṣé Nídìí Ìsọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ìyá arúgbó a wá ìborùn, abiyamọ a wá ohun tí yóò fi bo ọmọ. Púpọ̀ nínú wa ló ń ra èyí tí ẹlòmíràn hun. Lóṣù yìí, a fẹ́ kí ẹ hun tiyín nídìí ìsọ̀, nígbà tí ọjà kò bá tíì yá.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe tuntun láàárín obìnrin Ẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ Ladies' Club tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, aṣọ rírán àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gba àwọn ìyá ọlọ́jà mọ́ra ní 1944. Ọ̀rọ̀ owó orí ni ayé wá fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ ra abẹ́rẹ́ kóróṣé kan, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tí wọ́n kọ 5 mm sí lára, àti wúùlù tí kò tín jù. Kí ẹ ra wúùlù tí yóò tó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn aláró Ìtòkú mọ ìdí rẹ̀: àwọ̀ ìkòkò àná kì í bá ti òní dọ́gba. Ẹ wo nọ́ńbà àwọ̀ lára bébà wúùlù, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹni mẹ́ta mẹ́rin bá dá owó jọ ra odindi páálí, owó rẹ̀ á dínkù.

Ẹ ta kókó tó ṣeé fà, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kọ́ òwú, ẹ fà á gba inú ojú náà jáde. Ṣéènì kan nìyẹn. Ẹ ṣe é kó pé 62. Ó wá kan tírébù: ẹ fi òwú yí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ki i bọ ṣéènì kẹrin láti ibi abẹ́rẹ́, ẹ fa òwú jáde, ojú mẹ́ta á wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́ òwú, ẹ fà á gba méjì jáde. Ẹ tún kọ́ ọ, ẹ fà á gba méjì tó kù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ṣéènì kọ̀ọ̀kan dé òpin. Ṣéènì mẹ́ta tí ẹ fò níbẹ̀rẹ̀ dúró fún tírébù kan, àròpọ̀ á sì jẹ́ 60. Ìbú rẹ̀ á tó bí ààbọ̀ ọ̀pá. (Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe tírébù yìí ní dọ́bù o! Ẹ wo ibi tí ìwé ti wá kí ẹ tó tẹ̀lé e.)

Ní ìlà tuntun, ẹ ṣe ṣéènì mẹ́ta, òun ni tírébù àkọ́kọ́. Ẹ yí iṣẹ́ padà, ẹ fo ojú kìíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ìkejì, kí tírébù tó kẹ́yìn sì wọ orí ṣéènì mẹ́ta ti ìlà ìsàlẹ̀. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Oníbàárà dé, ó ná ọjà, ó lọ, ẹ gbàgbé ojú ìgbẹ̀yìn. Kí ẹ tó hun ogún ìlà, ìborùn ti ń tín lọ bí ìwo màlúù. Ẹ máa ka 60 lópin ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ka owó ọjà kò lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n kà.

Owó ńkọ́? Àwọn kan nínú wa ń ta tiwọn ní iye wúùlù, wọ́n ní eré ọwọ́ lásán ni. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ wákàtí yín sínú ìwé, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó wúùlù kí ẹ tó dá iye lé e.

Nígbà tó bá gùn tó ọ̀pá méjì, ẹ gé òwú, ẹ fa ìdí rẹ̀ gba ojú tó kẹ́yìn, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ìyókù mọ́ inú iṣẹ́. Àkọ́kọ́ yìí, ẹ má tà á. Ẹ dá a borùn lọ sí ìsọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó bá béèrè iye rẹ̀ sílẹ̀.