Ijó Bàtá àti Ijó Dùndún ní Òkè-Ògùn: Ohun tí Ìlù Wí àti Èsì tí Ara Fọ̀

Ìfáárà

Ijó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn iṣẹ́-ọnà tí àwọn Yorùbá fi ń bá òrìṣà, ọba àti ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ijó bí ìgbádùn lásán. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Sàkí àti Kìṣí, ijó tí àwọn ènìyàn jogún lọ́wọ́ baba ńlá wọn ní òfin, ó ní ìpele, ó sì ní àwọn ìdílé tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn. Méjì tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni ijó bàtá àti ijó dùndún. Kókó kan ni àlàyé tí ó wà níhìn-ín dá lé: nínú ijó méjèèjì, èsì ni ẹsẹ̀ oníjó ń fọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ijó láìkọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìlù, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe.

Òkè-Ògùn nínú Ìtàn Ijó Ọ̀yọ́

Òkè-Ògùn kì í ṣe àlejò nínú ìtàn ijó. Ìgbòho ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí àwọn Tápà ti lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin mẹ́rin ni ó jọba níbẹ̀ léra wọn, Abípa sì ni ìkẹyìn wọn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ni awo Egúngún ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́. Òun kan náà ni ó sọ bí àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho ṣe rán àwọn ènìyàn lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé kí wọ́n ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Abípa rán ọdẹ sí wọn, ọwọ́ sì tẹ àwọn iwin náà. J. A. Adédèjì, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìtàn yìí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eré alárìnjó.

Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó rí irú eré bẹ́ẹ̀ níwájú Aláàfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá mẹ́ta ni eré náà ní: àwọn tí ó wọ àpò jó, ẹnìkan ṣe bí erè, ẹlòmíràn sì fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí fi hàn pé ijó àti eré ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí ó kọ́ ọ ní àkọ́mọ̀ọ́ṣe, kí ìjọba òyìnbó tó dé rárá.

Ijó Bàtá

Bàtá ni ìlù Ṣàngó àti ti Egúngún. Ìlù olójú méjì ni. Ojú kan tóbi, èkejì kéré. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Ọwọ́ ni onílù fi ń lu ojú ńlá ìyáàlù, awọ tí a ń pè ní bílálà ni ó sì fi ń lu ojú kékeré. Ohùn rẹ̀ le, ó sì máa ń já gìrìgìrì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ijó rẹ̀ rí. Oníjó a tẹ orúnkún, a tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, èjìká a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ a sì máa kọlu ilẹ̀. Bí ìyáàlù bá dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì, oníjó gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Níbi ìdúró yìí ni àwọn àgbà ti ń mọ ẹni tí ó gbọ́ ìlù yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń fò.

Elégùn Ṣàngó a máa di irun bí obìnrin, a sì máa fi osé lọ́wọ́ jó. Ìfòsókè àti ọwọ́ tí ó ń jù láti òkè wá sílẹ̀ ń fi agbára òrìṣà tí ó ni ààrá hàn. Ní ti Egúngún, pípòòyì ni ẹwà ijó rẹ̀. Bí ó bá ti ń yí, àwọn abala aṣọ ara rẹ̀ a fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, atẹ́gùn a sì fẹ́ lu àwọn ènìyàn. Ìbùkún ni wọ́n ka atẹ́gùn yìí sí. Àwọn alárìnjó a máa fi òkìtì títa kún un.

Ijó Dùndún

Ìlù ààfin, ìlù ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ni dùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀. Osán tí onílù ń fún mọ́ ìhà ni ó ń mú kí ohùn lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ijó dùndún náà rọ̀ ju ti bàtá lọ: ẹsẹ̀ a máa rọra wọ́lẹ̀, ọwọ́ a là, ìbàdí a sì máa tẹ̀ lé bí ohùn ti ń yọ́. Ọba tàbí àgbà obìnrin lè jó o láìsí pé iyì rẹ̀ dínkù.

Ọ̀rọ̀ Ìlù gẹ́gẹ́ bí Òfin Ijó

Èdè olóhùn ni Yorùbá: ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ohùn yìí ni ìlù ń gbé. Kò lè gbé kọ́ńsónáǹtì. Lórí ìlù, ọkọ̀ àti ilẹ̀ kò yàtọ̀. Ìdí nìyí tí onílù kì í fi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oríkì, òwe àti gbólóhùn tí etí ti mọ̀ ni ó ń lò, kí olùgbọ́ lè fi èyí tí ó mọ̀ tú èyí tí ó gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ oríkì kò lè gbọ́ ìlù. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó yí padà, tàbí kí ó kí ẹni ńlá tí ó wọlé.

Ti bàtá tún le sí i. Àwọn ènìyàn a máa fi wé akólòlò, nítorí pé kò lè yọ́ ohùn bí dùndún. Àwọn ọmọ Àyàn ní ẹnà bàtá, èyí tí í ṣe ọ̀nà láti fi ẹnu pe ohùn ìlù kí ọwọ́ tó lù ú. Amanda Villepastour ṣe àlàyé kíkún lórí ẹnà yìí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2010. Ẹnà yìí jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí ó ti wà nílẹ̀ kí ilé-ìwé tó dé.

Ẹ̀kọ́ láti Gúúsù Íńdíà

Irú ìṣòro yìí ti bá àwọn ẹlòmíràn rí. Ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, wọ́n ní ijó eléré kan tí wọ́n ń pè ní Kathakali. Oníjó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Akọrin ní ń sọ ìtàn, oníjó sì ń fi àmì ọwọ́ mẹ́rìnlélógún àti ojú tú u. Nígbà tí ìtọ́jú tí àwọn ààfin ń ṣe fún ijó náà dínkù, akéwì Vallathol Narayana Menon àti Mukunda Raja dá ilé-ẹ̀kọ́ Kerala Kalamandalam sílẹ̀ ní 1930. Wọn kò kọ́ ijó nìkan níbẹ̀. Orin àti ìlù chenda àti maddalam wà lára ẹ̀kọ́, àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ṣe olùkọ́.

Ní Òkè-Ògùn, dùndún ti rí ibi sá sí: ó ń dún níbi ìyàwó, oyè, àti nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ka á sí ìlù òrìṣà. Bí ọmọ onílù bá yan iṣẹ́ mìíràn, ohun tí ó ń lọ kì í ṣe lílù nìkan. Ẹnà àti oríkì tí oníjó ń dá lóhùn náà ń bá a lọ.

Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ Yorùbá lè ṣe. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ẹnu pe gbólóhùn ìlù, kí ó sì fi àmì ohùn kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Èkejì, kí ẹ̀kọ́ oríkì àti ẹ̀kọ́ ijó máa rìn pọ̀. Ẹ̀kẹta, kí onílù àdúgbò wá kọ́ni fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, dípò kí wọ́n máa fi ohùn inú ẹ̀rọ jó. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ń jó, kò lè kì í, kò sì lè dá a dúró. Níbi tí ìlù kò bá ti lè bá oníjó sọ̀rọ̀, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni ó kù.