Ìgbì Alábàárù: Àlàyé Lórí SSB

Ẹni tí ó bá dé Ọjà Àlàbá ní Òjó, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò rí oríṣìíríṣìí asọ̀rọ̀mágbèsì. A kọ SSB sí ara díẹ̀ nínú wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, a kò fẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá tì í sọ́dọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ohùn ènìyàn kò lè dá rin ìrìn àjò jíjìn lójú òfuurufú. Ìgbì kan ni ó ń rù ú. A dábàá pé kí a pe èyí ní ìgbì alábàárù, nítorí iṣẹ́ alábàárù inú ọjà gan-an ni ó ń ṣe: ẹrù kì í ṣe tirẹ̀. Bí alábàárù bá wà lórí 7,000 kHz, tí a sì gbé ìró 1 kHz lé e, ìgbì méjì mìíràn yóò jáde: ọ̀kan lórí 7,001, èkejì lórí 6,999. Ìgbì ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n (kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀, kí ó má baà di ẹgbẹ́). Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ibí ni ìfiṣòfò wà. Bí ìró náà bá kún dé góńgó, tí gbogbo agbára tí ń jáde jẹ́ 150 wáàtì, alábàárù nìkan ni yóò gba 100, kò sì ní sọ gbólóhùn kan. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba 25. John R. Carson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni ó wòye ní 1915 pé a lè fi alábàárù sílẹ̀ nílé, kí a yọ ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, kí ọ̀rọ̀ sì délé. Ìyẹn ni SSB, ìgbì ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn tí ì bá gba àyè 6 kHz kò wá gbà ju 3 lọ. Òun ni wọ́n lò fún tẹlifóònù aláìlókùn láàrin New York àti London ní 1927. Títí di òní, ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfuurufú tí ń la agbami kọjá ń lò ó.

Ṣùgbọ́n rédíò ẹni tí ń gbọ́ ni yóò pèsè alábàárù mìíràn. Èyí tí kò bá lè ṣe é yóò kàn máa kùn ṣáá ni. Èyí tí ó sì lè ṣe é, bí a kò bá yí i dé ojú rẹ̀, ohùn àgbàlagbà a di ti pẹ́pẹ́yẹ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á ní Àlàbá má wo ara páálí nìkan. Kí ó wá bọ́tìnnì SSB lára rédíò fúnra rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tí ń lo SSB lórí òkun máa ń dá ara wọn lóhùn. Orúkọ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì, kò bá ẹ̀rọ tiwọn mu. Rédíò ni a ó ṣì máa pè é títí a ó fi rí èyí tí ó sàn jù.