Kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká: eré ló yẹ kẹ́ ẹ máa lé ni, àbí bátìrì tó ń pẹ́?

Bí ènìyàn bá dé Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà, ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ọjà: "Core i7 rèé, ó ń sáré bí ìjì!" Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè kejì, ìyẹn wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ náà yóò lò bí iná bá lọ, kì í sábà jáde títí tí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rajà. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ kí aago méjìlá òru tó lù, tí wọ́n sì mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án, ọjọ́ náà ni yóò tó yé e pé ohun tó yẹ kí òun bi olùtajà kọ́ ni òun bi í.

Prósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni àìmọye nǹkan tíntìntín wà tí wọ́n ń pè ní transistor, tí wọ́n ń tàn, tí wọ́n sì ń kú, ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Títàn àti kíkú yìí ló ń jẹ iná. Bí àwọn tó ṣe é bá sì fẹ́ kí ó yára sí i, kò tó kí àwọn nǹkan náà kàn máa tàn léraléra, agbára tí wọ́n fi ń ti iná wọnú wọn, tí àwọn oníṣẹ́ mànàmáná ń pè ní fóótéèjì, gbọ́dọ̀ gòkè pẹ̀lú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń gbóná, nítorí pé bí fóótéèjì bá lọ sókè díẹ̀, iná tí wọ́n ń jẹ yóò lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn á fi fóótéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn á tún wá fi iye eré náà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Bí eré prósẹ́sọ̀ kan bá fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i, tí fóótéèjì sì tìtorí rẹ̀ fi ìdá 10 nínú 100 gòkè, iná tí yóò máa jẹ yóò fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé eré díẹ̀ tó gbẹ̀yìn, tí ojú lásán kò tiẹ̀ lè rí, òun ló máa ń wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ ebòlò ni, kò sí bí wọ́n ṣe lè sè é kí ó má rùn ìgbẹ́.

Ohun tí bátìrì gbà ni wọ́n máa ń kọ sí ara rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Wh. Kí ènìyàn mú un bí táńkì epo ọkọ̀. Ohun tí gbogbo ẹ̀rọ náà ń jẹ, tí wọ́n ń fi wáàtì wọ̀n, ni kí ó mú bí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì gbà ń mu epo. Tírélà àti alùpùpù lè gba ìwọ̀n epo kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí epo náà yóò gbé wọn dé kò lè dọ́gba láéláé. Bátìrì tó jẹ́ 50 Wh, bí kọ̀ǹpútà náà bá ń jẹ wáàtì 7 nígbà tí ẹni tó ni ín ń tẹ lẹ́tà tàbí tó ń ka ìwé lórí rẹ̀, yóò lò tó wákàtí méje. Bátìrì yìí kan náà, bí iṣẹ́ bá pọ̀ débi pé ẹ̀rọ ń jẹ wáàtì 45, kò ní lò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kàn lè ki bátìrì ràgàjì sínú rẹ̀ kí wàhálà tán. Òfin ọkọ̀ òfurufú kò fẹ́ kí bátìrì tí èrò ń gbé wọlé ju 100 Wh lọ láìjẹ́ pé wọ́n gba àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, èyí ló fà á tí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá fi ń dúró ní nǹkan bí 99 Wh. Ẹ̀rọ eléré géèmù tó ní bátìrì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè kú láàárín wákàtí kan bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó.

Kí ni ènìyàn yóò wá wò lára ọjà? Kì í ṣe i5 tàbí i7 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú nìkan. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e àti lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà ló ń sọ òótọ́. Lọ́dọ̀ Intel, lẹ́tà U dúró fún prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe kí ó máa jẹ nǹkan bí wáàtì 15. Èyí tó ní H jẹ́ nǹkan bí wáàtì 45, HX sì lè tó 55. Kì í ṣe pé wọn kò lè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ o, nítorí pé bí iṣẹ́ bá le, wọ́n lè fà tó ìlọ́po méjì fún ìgbà díẹ̀. Ní ti nọ́ńbà, ẹ gbé Core i7-7500U tó jáde ní ọdún 2016 sí ẹ̀gbẹ́ Core i5-8250U tó jáde ní ọdún 2017. Wáàtì 15 ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ méjì péré ló wà nínú i7 yẹn, mẹ́rin ló wà nínú i5. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, i5 yóò fi i7 sílẹ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń san owó lé owó nítorí orúkọ i7. Láti ìparí ọdún 2023 ni Intel ti ń yọ lẹ́tà i yẹn kúrò, tí wọ́n ń pe àwọn tuntun ní Core Ultra, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́jà, orúkọ àtijọ́ kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọlọ́jà.

Ìjà láàárín eré àti bátìrì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, iye gígáhááàsì ni gbogbo ènìyàn ń lé, Pentium 4 inú kọ̀ǹpútà alágbèéká sì ń gbóná bí ààrò. Ní oṣù kẹta ọdún 2003 ni Intel gbé Pentium M jáde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Haifa, lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ṣe. Gígáhááàsì 1.6 péré ló ní, síbẹ̀ ó ń bá Pentium 4 tó ní 2.4 du ipò, iná tó sì ń jẹ kéré sí tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí ó ti yé ọlọ́jà àti oníbàárà pé iye eré tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Apple gbé M1 tirẹ̀ jáde, ó sì fi í sínú MacBook Air tí kò ní fáànù kankan. Bátìrì rẹ̀ kò ju 49.9 Wh lọ, àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ènìyàn lè fi í wo íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 15. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n pín òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: àwọn alágbára fún iṣẹ́ ńlá, àwọn tí kì í jẹun púpọ̀ fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Intel náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìran kejìlá Core rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2024, Qualcomm gbé Snapdragon X dé fún àwọn kọ̀ǹpútà oní-Windows, òun náà kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ètò tí òun fi ń ṣiṣẹ́ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, nítorí pé gbogbo ètò kọ́ ló ń bá a mu.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹni tí bátìrì rẹ̀ kò pẹ́ yóò kàn wá ihò ìná lára ògiri ni. Ní Nàìjíríà, ihò iná lè wà lára ògiri kí iná má sí nínú rẹ̀. NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ mànàmáná, ti pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún: àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A ló yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, tí ìsọ̀rí E sì jẹ́ wákàtí 4 péré. Ohun tó wà lórí ìwé nìyẹn, ojú àwọn tó ń gbé àdúgbò ló mọ èyí tí wọ́n ń rí. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, títan jẹnẹrétọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rajà kọ́kọ́ ka wákàtí tí iná kì í fi í sí nínú àsìkò tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà, kọ̀ǹpútà tó ń lo wákàtí méjì ààbọ̀ kò lè wúlò fún un, ì báà jẹ́ pé ó ń fò lókè.

Iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú ló máa sọ ibi tí òṣùwọ̀n yóò tẹ̀ sí. Olùkọ́, akọ̀wé, akọ̀ròyìn, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ẹni tó ń ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ni prósẹ́sọ̀ U tàbí irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ AMD tó fún dáadáa. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ń tẹ lẹ́tà, prósẹ́sọ̀ náà kì í rí nǹkan ṣe ju kí ó máa tòògbé lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní "kọ̀ǹpútà mi ò sáré" kì í ṣe ẹ̀bi prósẹ́sọ̀ rárá: àpótí ìpamọ́ àtijọ́ tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni, tàbí RAM tí kò ju 4 GB lọ. Ẹni tó bá gba i5 tó ní SSD àti RAM 16 GB yóò gbádùn ju ẹni tó gba i7 aláàwo yẹn lọ, bátìrì rẹ̀ yóò sì tún pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, ẹni tó ń ya àwòrán ilé, tàbí ẹni tó ń ṣe fíìmù ayàwòrán. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra U nítorí bátìrì, iṣẹ́ tó yẹ kí ó parí ní wákàtí kan lè gbà á ní mẹ́ta, bátìrì náà yóò sì kú kí iṣẹ́ tó parí. H ni tirẹ̀. Àmọ́ kí ó mọ̀ dájú pé orí iná ni ẹ̀rọ náà ti ń sáré: ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ máa ń dín eré wọn kù fúnra wọn bí wọ́n bá yọ ṣájà. Owó tó fẹ́ fi wá bátìrì tó tóbi, kí ó kúkú fi kún owó inverter àti sólà. Ibi ṣájà gan-an ló tún yẹ kí wọ́n wò. Kọ̀ǹpútà tó fúyẹ́ máa ń lo ṣájà wáàtì 45 tàbí 65, inverter kékeré lè gbé e láìlàágùn, ó sì ṣeé fi sínú ọkọ̀ gba iná. Ti eléré géèmù lè béèrè wáàtì 180, 230 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní inverter kéékèèké nílé yóò sì máa gbọ́ igbe rẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí wà fún bátìrì tuntun. Tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́rin lókè òkun kò ní 50 Wh tí wọ́n kọ sí i lára mọ́. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù máa ń gbó ní ìwọ̀n iye ìgbà tí wọ́n bá gba iná sí i tí wọ́n sì lò ó tán, ooru sì máa ń tètè bà á jẹ́. Apple sọ pé bátìrì MacBook òde òní yóò ṣì ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn 1,000 irú ìgbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé yẹ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí Windows, láti Windows 8 síwájú, kí ènìyàn ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, kí ó tẹ powercfg /batteryreport, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ ìwé kan jáde, yóò sọ ibi tó fi í pamọ́ sí. Nínú ìwé náà, "design capacity" ni iye tí bátìrì gbà nígbà tó jẹ́ tuntun, "full charge capacity" ni iye tó lè gbà báyìí. Bí ti kejì bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì ti àkọ́kọ́ lọ, kí wọ́n ka owó bátìrì mìíràn mọ́ owó ọjà náà kí wọ́n tó dúnàá-dúrà. Lẹ́yìn náà ni kí oníbàárà ní kí wọ́n yọ ṣájà, kí ó fi fídíò sí i, kí ó sì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Bí nọ́ńbà bátìrì bá fi 15 nínú 100 lọ sílẹ̀ láàárín àkókò yẹn, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò lò. Bí ọlọ́jà bá sì ní kò sáàyè, pé kí wọ́n má yọ ṣájà, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lápá ọ̀tún, òmíràn sì wà lápá òsì.