Ṣé o mọ̀ pé káàdì ìgbéyàwó lè pè ọ́ síbi ìdáná?

Kí a tó mọ lẹ́tà kọ rárá la ti ń ránṣẹ́ pe ènìyàn. Àrokò ni ìwé ìpè àwọn baba wa. Ọ̀kan wà tí Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn odi, tí àwọn òyìnbó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ kan tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ ẹyẹ kan ni, gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀fà: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń nu inú etí, nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi ti dé etí rẹ, máa bọ̀ kí n rí ọ. Kò sí déètì, kò sí àdírẹ́sì, ẹni tí a pè sì mọ̀ pé wọ́n ń pe òun. Bí ọ̀rọ̀ bá jọra, owó ẹyọ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àmì ohùn kan ṣoṣo lè sọ àpèjẹ di iṣẹ́ alásè? Ìdána ni ọjọ́ tí ẹbí ọkọ wá dá àna. Àna ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdáná ńkọ́? Iná ló wà nínú tìyẹn, oúnjẹ sísè ni. Káàdì kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, aláwọ̀ wúrà, bébà rẹ̀ nípọn bíi páálí bàtà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé "Ìdáná àti Ìgbéyàwó". Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó gbé ìkòkò dání. Mi ò bá atẹ̀wé wí. Lọ sí Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, ohun tí oníbàárà bá fi WhatsApp ránṣẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Ọkọ ìyàwó pàápàá wà nínú ewu: bí àmì bá ṣì í, ó lè di ọkọ̀ tó gbé ìyàwó wá, tàbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè.

Ṣé o mọ̀ pé nínú káàdì tiwa, kì í sábà jẹ́ ọkọ àti ìyàwó ló ń pè ọ́? Tún ìlà àkọ́kọ́ kà: "Ẹbí Lágbájá àti Ẹbí Tàmẹ̀dò fi tayọ̀tayọ̀ pè yín síbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn." Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tiwọn ni wọ́n kọ tóbi jù. Ọ̀rọ̀ olóògbé ló wá dùn jù níbẹ̀. Nínú ìlànà àwọn òyìnbó, òkú kì í pe àlejò. Bí bàbá bá ti kú, orúkọ ìyá nìkan ni yóò dúró bí olùpè, wọ́n á wá fi ti bàbá ti ẹ̀yìn orúkọ ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa, "Ẹbí Olóògbé Olóyè Lágbájá" lè léwájú láìsí wàhálà. Àwọn kan ní àṣìṣe ni. Èmi ò gbà: ẹbí ló ń pè, ẹbí ò sì tíì kú.

Bí ìwọ náà bá ń kọ káàdì, oyè ni kí o yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ìyàwó kọ, a lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n yọ "Ọ̀túnba" rẹ̀ kúrò kì í rẹ́rìn-ín.

Ìwé kan tún wà tó ju káàdì lọ, ìwé ìtọrọ ọmọ. Ẹbí ọkọ ló ń kọ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á fi ríbọ́ọ̀nù dì í. Níbi ìdána, ọ̀dọ́bìnrin kan láti ẹbí ìyàwó á dìde láti kà á, á wò ó títí, á ní òun ò ríran, àfi kí wọ́n ra gíláàsì fún òun. Wọ́n á ná owó. Ojú á là. Ibẹ̀ ni a ó ti gbọ́ pé ẹbí ọkọ rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà ẹbí ìyàwó, àwọn sì fẹ́ já a.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́tà kan ṣoṣo ń tọ́ka sí ilé ìjọsìn. "Honor" ni wọ́n ń kọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lórí káàdì ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ á fi "u" sí i, á di "honour" bíi ti Ìlú Ọba.

RSVP ńkọ́? Èdè Faransé ni: "Répondez s'il vous plaît", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ mọ iye àga tí òun máa tò. Àwa sọ ọ́ di "Rice and Stew Very Plenty", a wá to nọ́ńbà fóònù mẹ́ta mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀. Ta ló ń pè wọ́n pé òun ń bọ̀? Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni fóònù ń dún: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo ti dé ilé epo yẹn, ṣé kí n yà sọ́tùn-ún ni?" Àwọn tó bá tètè pè, àwọ̀ gèlè ni wọ́n ń béèrè.

Ṣé o sì mọ̀ pé òfin bá ọ dá sí agogo tí o máa kọ? Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà ní kí ti ilé ìjọsìn tó gbàṣẹ wáyé láàárín agogo 8 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, kí ti rẹ́jísírì wà láàárín 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán. Ó tún ní kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹni tó kọ "Ẹni tí a pè nìkan" sórí káàdì lè dá mo-gbọ́-mo-yà dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àpèjẹ, bí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ bá lágbára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òfin ti ṣílẹ̀kùn fún mo-gbọ́-mo-yà, òun náà sì ti mọ àwọ̀ gèlè.