Èéfín Búlúù Lójú Òkè Ẹ̀fọ̀n: Ibi Tí Ọ́ìlì Táàbò Ń Há Sí

Bí ọkọ̀ tí kò bá táàbò wá láti ilé iṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló gbé táàbò sí i, bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé sììlì táàbò ti lọ. Wọ́n á ní kó lọ wá owó, kí wọ́n lè ra tòkúnbọ̀ mìíràn ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Arárọ̀mí n'Ìbàdàn. Wọ́n á rà á, wọ́n á dè é, kò ní pẹ́ tí èéfín á tún padà. Èrò tèmi ni pé nínú ọkọ̀ tí táàbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sọ́ńpù (àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) dọ́gba, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jáde nínú táàbò ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Táàbò tí kò ní àrùn kankan lè di ohun tí wọ́n ń jù sórí àkìtàn nítorí páìpù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò.

Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò tó bí táàbò ní ọdún 1905. Èéfín gbígbóná tí à bá kàn jẹ́ kó gba sáìlẹ́ńsà lọ, yóò kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀. Ṣáfùtì kan so kẹ̀kẹ́ yìí mọ́ èkejì rẹ̀, èkejì náà sì ń ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, epo tí ẹ́ńjìnnì lè jó á pọ̀ sí i, agbára á sì dé. Ṣáfùtì yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ti àwọn táàbò kéékèèké tilẹ̀ máa ń kọjá 200,000. Bí irin bá fara kan irin ní irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹ ara wọn run. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbé ṣáfùtì dúró nínú bíárìn, ọ́ìlì kan náà ló sì ń gbé ooru kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa wọlé láìdáwọ́ dúró, gbogbo èyí tó bá wọlé ló sì gbọ́dọ̀ jáde.

Àṣìṣe ńlá ibẹ̀ ni pé àwọn kan gbà pé pọ́ńpù ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọ́ìlì wọlé náà ló ń tì í jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wọ táàbò tẹ́ẹ́rẹ́, agbára pọ́ńpù sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ti la bíárìn kọjá, agbára yẹn ti tán. Ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló kù tí yóò fi ṣàn wálẹ̀. Nígbà tó bá sì ń jáde, ṣáfùtì ti lù ú pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ó ti ń hó bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ẹni tó bá sì ti da irú ẹmu bẹ́ẹ̀ gba ọrùn ìgò tóóró rí mọ bó ṣe ń pọ̀ padà sókè. Ìdí nìyẹn tí páìpù ìjáde fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti ìwọlé lọ fíìfíì. Garrett, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn tó ń ṣe táàbò, ní kí inú páìpù ìjáde má kéré sí ìdajì íǹṣì, kí ihò ìjáde sì kọjú sílẹ̀, kó má yẹ̀ ju dígírì 35 lọ kúrò ní òró. Páìpù náà gbọ́dọ̀ máa dà wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìtún gbé orí sókè níbì kankan, kó sì wọ sọ́ńpù lókè ojú ọ́ìlì. Bó bá wọ abẹ́ ojú ọ́ìlì, ọ́ìlì tó wà nínú sọ́ńpù á dí i lẹ́nu, èyí tó ń bọ̀ látòkè á sì dúró dè é nínú táàbò.

Ẹ wá wo sììlì tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Rìǹgì irin kékeré ni, ó jọ ti písítìn, kì í ṣe rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ṣáfùtì. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù ni láti má ṣe jẹ́ kí èéfín àti afẹ́fẹ́ tó ń ti nǹkan lọ́wọ́ òde ráyè wọ àárín táàbò. Wọn kò ṣe é láti dá ọ́ìlì dúró nígbà tí àárín táàbò bá kún dẹ́nu. Bó bá kún, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì kọjá, yálà sínú sáìlẹ́ńsà níbi tí yóò ti jó di èéfín búlúù, tàbí sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì, ni èyí máa ń hàn jù, nítorí ìgbà yẹn ni ohun tó ń tì í padà láti òde kéré jù lọ. Ẹni tó bá rí i pé èéfín ń pọ̀ bí ọkọ̀ bá dúró, tó sì ń dín kù bó bá ti ń sáré, ti rí ẹ̀rí kan gbá mú.

Kò sí ẹni tó máa ń dìídì fẹ́ gbé táàbò sísàlẹ̀. Àyè ló ń há. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ éèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, rédíétọ̀ wà níwájú, ni wẹ́dà bá kọ páìpù èéfín sílẹ̀, táàbò sì bá a lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé e lọ sí abẹ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí sáìlẹ́ńsà wà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó lè dà bíi pé ó dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹni tó bá kúrò ní Ìlogbò, tó gba Ìjerò kọjá sí Aramọkọ, tó wá forí lé Ìtawurẹ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, yóò gun òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tún gùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Bí ọ̀nà bá ń ga ní mítà 1 nínú gbogbo mítà 10, tí sọ́ńpù sì gùn tó sẹ̀ntímítà 50 láti iwájú dé ẹ̀yìn, ojú ọ́ìlì á fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 ga lẹ́yìn ju iwájú lọ. Páìpù tó wọ ẹ̀yìn sọ́ńpù, tó fi sẹ̀ntímítà 2 péré ga ju ojú ọ́ìlì lọ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú l'Ádó, ti rì nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó fi páìpù tirẹ̀ wọ iwájú ni ìyà náà yóò kàn. Mo gbà pé èyí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní agbègbè wa máa fi sọ́kàn: ká fi ojú òkè wọn ibi tí páìpù ń wọ̀, ká má fi ilẹ̀ gáréèjì wọ̀n ọ́n.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni ju agolo mímọ́ kan lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a ó tú ìdí páìpù ìjáde kúrò lára sọ́ńpù, a ó fi nǹkan dí ihò sọ́ńpù, a ó sì jẹ́ kí páìpù náà kọjú tààrà sínú agolo nísàlẹ̀. Kí wọ́n wá ṣíná fún ẹ́ńjìnnì ní jẹ́jẹ́ fúngbà díẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣọ́ agolo kó má kún, kó sì jìnnà sí sáìlẹ́ńsà gbígbóná. Bí èéfín bá ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọ́ìlì àtijọ́ bá ti jó tán nínú sáìlẹ́ńsà, táàbò kò jẹ̀bi. Nígbà tí páìpù bá wà lọ́wọ́, kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gáàsìkẹ́ẹ̀tì máa ń yọ sínú nígbà tí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì pọ̀. Ó á gan sí ètè ihò bí eékánná, ó á sì jẹ ìdajì àyè náà. Kí wọ́n fọwọ́ tẹ rọ́bà páìpù: rọ́bà omi lásán tí wọ́n fi dípò rọ́bà ọ́ìlì máa ń wú sínú, ooru á sì mú kó rọ̀ títí yóò fi pọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń bùlóò, tó ń mí gùlegùle níbẹ̀, ń ti ọ́ìlì táàbò padà láti inú sọ́ńpù. Bí páìpù ìjáde ṣe wù kó fẹ̀ tó, ọ́ìlì kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ bí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí bá dí tàbí bí rìǹgì písítìn bá ti jẹ tán.

Àwọn kan á ní ká kúkú dín ọ́ìlì tó ń wọlé kù, ká fi ohun tó ní ihò bíńtín sí ẹnu páìpù. Òótọ́ ni pé táàbò tó ń lo bíárìn oníbọ́ọ̀lù nílò irú ìdínkù bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é á sì sọ bí ihò náà ṣe gbọ́dọ̀ tó. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lo bíárìn gbọọrọ lásán, tó pọ̀ jù nínú tòkúnbọ̀, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ló fi ń gbé ṣáfùtì, ló sì fi ń tutù. Ẹni tó bá fún un lọ́rùn kí èéfín lè dáwọ́ dúró yóò fi bíárìn san owó rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ká da ọ́ìlì tó nípọn sí i, bíi 20W-50 dípò 5W-30. Ọ́ìlì tó nípọn a máa pẹ́ kó tó ṣàn, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá ni pé kó tètè kúrò. Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ẹni tó ní òun mọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tí táàbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá tí kì í yọ èéfín. Òótọ́ ló sọ. Porsche 911 Turbo tí wọ́n ń pè ní 930, tó jáde ní 1975, gbé táàbò sísàlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Porsche fi pọ́ńpù kan sí i tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fa ọ́ìlì jáde lábẹ́ táàbò kó sì dá a padà. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kéékèèké kan tó ní táàbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbé e sísàlẹ̀ mọ̀ pé ìwúwo ọ́ìlì nìkan kò tó mọ́, wọ́n sì sanwó ohun tí yóò gba ipò rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sáré lọ ra pọ́ńpù. Kó kọ́kọ́ tú àwọn nọ́ọ̀tì tó di àárín táàbò mú, kó yí i kí ihò ìjáde lè kọjú sílẹ̀ gangan. Èyí kò náni ju agbára lọ. Bí ìyẹn kò bá tó, kí wẹ́dà tún páìpù èéfín kọ, kó gbé táàbò sókè, kódà bó jẹ́ sẹ̀ntímítà mẹ́wàá péré, kí wọ́n sì gbé ibi tí ọ́ìlì ń wọ sọ́ńpù lọ sókè bí àyè bá wà. Ìdí mi ni pé ìwúwo kì í bàjẹ́, pọ́ńpù ni ó ń bàjẹ́. Bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn, kí wọ́n wá pọ́ńpù tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì gbígbóná. Pọ́ńpù epo bẹntiróòlù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn kò lè gbà á, nítorí ọ́ìlì tó ń bọ̀ láti inú táàbò gbóná ju omi híhó lọ. Kí agolo irin kékeré kan wà lábẹ́ táàbò láti gba ọ́ìlì, kí pọ́ńpù máa fà á láti ìdí agolo náà, kó sì dá a sí òkè ojú ọ́ìlì. Kí fáàfù kan tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo wà lórí páìpù ìwọlé, kí ọ́ìlì má baà máa jò wọ táàbò ní gbogbo òru lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń tú èéfín ṣùù láàárọ̀ nìkan, tó sì ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà, fáàfù yìí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Iṣẹ́ tó kù di ti rìwáyà. Kí pọ́ńpù ní fíúsì tirẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti ọ́ìlì, kó sì tún ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti dísù, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ọ́ìlì tó bá gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọlé lè di epo fún ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa sáré lọ kódà lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Kí iná pupa kan wà níwájú awakọ̀ tí yóò tàn bí pọ́ńpù bá dákẹ́. Bó bá tàn nígbà tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, kó yà sí ibi tó bá fẹ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Táàbò tó kún fún ọ́ìlì ṣì ṣeé tú fọ̀.