Wọ́n ní ó ti jẹrà nínú odò: ẹ béèrè eegun rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa ń rí lára ike ọṣẹ ní ilé ìtajà: biodegradabile. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà máa jẹrà, pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí máa jẹ ẹ́. Ìbéèrè mi lónìí ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò, ṣé ìdánwò ọ̀hún sì tó láti fọkàn tán?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ọṣẹ. Ọṣẹ ní orí, ó ní ìrù. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ fẹ́ràn epo. Ohun tó fi ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára abọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí wọ́n fi fluorine ṣe ìrù rẹ̀. Ìrù yìí ń sá fún omi, ó tún ń sá fún epo. Ẹ ó bá a nínú fóòmù tí àwọn panápaná fi ń pa iná epo bẹntiróòlù, ẹ ó sì bá a nínú àwọn ọ̀dà kan. Ó wà lára ìdílé ńlá tí wọ́n ń pè ní PFAS. Ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù pẹ̀lú fluorine le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro gan-an fún kòkòrò odò láti já a.

Ìdánwò ìjẹrà ti wà tipẹ́. Nígbà tí ọṣẹ ìgbàlódé gbòde lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìfófòó bo ọ̀pọ̀ odò ní Yúróòpù. Àwọn ìjọba wá fi òfin dè é. Ti Ítálì jáde lọ́dún 1971, ó sì ní ọṣẹ tí kò lè jẹrà kò gbọdọ̀ wà lórí igbá mọ́. Òfin yẹn ṣiṣẹ́, torí pé kòkòrò lè jẹ ọṣẹ tuntun tí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, torí-tìrù.

Báyìí ni ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò náà ṣe ń lọ. Ẹ bu omi tó ní kòkòrò nínú sínú ìgò. Ẹ fi nǹkan tí ẹ fẹ́ dán wò sí i, kó jẹ́ òun nìkan ni oúnjẹ tó wà níbẹ̀. Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 28. Bí kòkòrò bá ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mí, ọ́síjìn inú omi á máa dínkù. Tí wọ́n bá lo ìdá 60 nínú 100 ọ́síjìn tí jíjẹ nǹkan náà tán pátápátá ń fẹ́, ó yege nìyẹn. Ìgò mìíràn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan á ní omi àti kòkòrò nìkan. Èkejì á ní oúnjẹ tó rọrùn, ká lè mọ̀ pé kòkòrò wa kò tíì kú. Ẹ̀kẹta, tó bá wà, á ní omi tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Tí nǹkan náà bá dínkù nínú ìgò kẹta yìí pẹ̀lú, a jẹ́ pé kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ẹ́. Bóyá ó lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni, bóyá ó sì fò lọ pẹ̀lú atẹ́gùn.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Ẹ fi ẹja fún ọmọ, ó jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Ẹja tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun wà nínú abọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòkòrò ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ ọṣẹ onífluorine. Wọ́n á jẹ orí, wọ́n á fi ìrù sílẹ̀. Tí orí bá tóbi ju ìrù lọ, ọ́síjìn tí wọ́n lò lè pọ̀ tó láti sọ pé ó yege. Ẹni tó bá sì ń wá nǹkan ti àkọ́kọ́ nínú omi kò ní í rí i mọ́, yóò ní ó ti jẹrà. Ìrù tó ṣẹ́kù ńkọ́? Ó ti di PFOA tàbí àbúrò rẹ̀ PFHxA, èyí tí kòkòrò kò rí ṣe nǹkan kan fún.

Ìdí nìyí tí onímọ̀ tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ ka eegun. Fluorine mélòó ló wọlé? Mélòó ló ti já kúrò, tó di fluoride bí irú èyí tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín? Mélòó ló ṣì so mọ́ kábọ́ọ̀nù? Bí ìṣirò kò bá pé, ìdánwò kò tíì parí.

Ẹ̀yin ará Veneto, ilẹ̀ yín gan-an ti ṣe ìdánwò yìí, kì í sì í ṣe fún ọjọ́ 28. Ní Trissino, lẹ́bàá Vicenza, ilé-iṣẹ́ kan tó wá ń jẹ́ Miteni ti ń ṣe nǹkan onífluorine láti nǹkan bí ọdún 1965. Ó wọ omi abẹ́ ilẹ̀ àti odò. Ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ tú sí gbangba, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ CNR yẹ omi wò. Ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè lọ lọ́dún 2018, ó ti pa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ Vicenza dá ènìyàn 11 lẹ́bi, àpapọ̀ ọdún ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún wọn jẹ́ 141. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn o. Ṣùgbọ́n PFOA kò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ti pa. Kòkòrò ilẹ̀ àti ti odò ti bá a gbé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pàápàá, ó máa ń gba ọdún bíi mélòó kan kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Lópin ọdún 2023, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà.

Wọ́n wá ní àwọn ti mú òmíràn dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ C6O4. Lọ́dún 2019, ARPAV tó ń ṣọ́ àyíká Veneto rí i nínú odò Po lágbègbè Rovigo, odò Po kan náà tó ń gba àárín Turin kọjá. Orúkọ tuntun kò sọ pé eegun ti tán.

Nítorí náà, ìwọ tí o gbọ́ èdè Ítálì ju àwọn òbí rẹ lọ, iṣẹ́ ti dé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan kan ń jẹrà, bi í léèrè ohun mẹ́ta. Kí ló dà lẹ́yìn tó jẹrà? Níbo ni fluorine rẹ̀ wà? Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìgò tí kò ní kòkòrò? Nínú ilé, ka àbájáde àyẹ̀wò omi tí iléeṣẹ́ omi ìlú yín ń gbé jáde, wo ibi tí wọ́n kọ PFAS sí, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá rẹ. Sọ fún un pé síse omi kò lè lé PFAS lọ. Omi ló ń gbẹ, òun á dúró sẹ́yìn. Èédú àkànṣe tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ló ń mú un. Bí bàbá rẹ bá sì ń fi omi kànga bomi rin ẹ̀fọ́ lágbègbè Vicenza, má jẹ́ kó máa bá a lọ títí wọn yóò fi yẹ kànga náà wò.

Ọlọ́run á jẹ́ kí omi tí à ń mu ṣe wá lóore. Ó dìgbà kan ná.