Ẹ Gbọ́ Òórùn Kí Ẹ Tó Rí Iná

Bí òórùn nǹkan tó ń jóná bá ṣàdédé gba inú ọkọ̀ lórí ìrìn, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu awakọ̀ ni pé, "Ọkọ̀ iwájú ni." Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, níbi tí tírélà pọ̀ sí, òórùn búréèkì ọkọ̀ ńlá máa ń wọ inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tírélà bá ti lọ tí òórùn kò lọ, ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ ni. Ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ fín lọ́fínńdà, kí ẹ sì máa bá eré yín lọ. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Kí ẹ tó wádìí, ẹ dúró. Ẹ tan iná atọ́ka ọ̀tún àti òsì, ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má dúró sórí koríko gbígbẹ, torí ọ̀pá sàlẹ́ńsà gbígbóná lè dáná sun ún. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rántí. Bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ọmọdé má bàa ṣí i lórí eré, kò ní ṣeé ṣí láti inú. Àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ ṣí i láti ìta.

Bí èéfín kò bá sí, tí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù, ẹ wá jẹ́ kí imú ṣiṣẹ́. Ohun kọ̀ọ̀kan tó ń jó nínú ọkọ̀ ló ní òórùn tirẹ̀.

Òórùn rọ́bà
Fáànbẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òun ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, àti nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù tó ń gbé omi yí ẹ́ńjìnnì ká. Bó bá gbó tàbí tó dẹ̀, á máa yọ̀, á máa han gooro, á sì gbóná títí yóò fi rùn. Bí iná bátìrì bá tàn níwájú awakọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná sí i, ẹ má wà á lọ mọ́. Kí mẹkáníìkì tó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ẹ ní kó fọwọ́ yí àwọn irin róbótó tí bẹ́líìtì ń gba orí wọn kọjá. Èyí tó bá le láti yí lè jẹ́ òun ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rá tí ọkọ̀ gùn lójú títì ló lẹ̀ mọ́ ọ̀pá sàlẹ́ńsà. Bó bá tutù, ẹ fi igi ha á kúrò.

Òórùn ọ́ìlì
Ọ́ìlì tó ń jò sórí ọ̀pá sàlẹ́ńsà ló sábà máa ń fa èyí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ni, ó lè jẹ́ èyí tó dà sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ jó tán. Bí òórùn náà bá ń padà wá, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò, kí mẹkáníìkì sì yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wò.

Òórùn ike tàbí wáyà
Èyí ló léwu jù. Iṣẹ́ fíúsì ni pé kó kọ́kọ́ jó kí wáyà má bàa jó. Bí fíúsì tí wọ́n kọ 10 sí lára bá ń jó lemọ́lemọ́, nǹkan kan ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó fi 30 rọ́pò rẹ̀, tàbí tó fi ègé wáyà so ó, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu géètì ni. Ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹ sì pe rewáyà. Rédíò, àláàmù àti iná tí a fi kún un lẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó sì wò bóyá eku ti jẹ wáyà.

Òórùn líle láti ìdí táyà
Búréèkì ni. Bóyá awakọ̀ gbàgbé láti sọ hánbíréèkì kalẹ̀, tàbí kí búréèkì táyà kan há. Ẹ na ọwọ́ sún mọ́ irin táyà kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má da omi sí i, irin gbígbóná lè sán. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Gembu ní ìpínlẹ̀ Taraba, tàbí láti òkè Obudu ní Cross River, kó fi jíà kékeré mú ọkọ̀, kó má tẹ búréèkì láìsinmi. Bí omi búréèkì bá hó, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró.

Bí èéfín bá ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì
Ẹ má ṣí i gbagada, torí atẹ́gùn tó bá rọ́ wọlé á mú iná ràn. Bí iná bá kéré, ẹ fín ẹ̀rọ ìpaná gba àlàfo tí ẹ bá rí. Ẹ má da omi sí epo tàbí ọ́ìlì tó ń jó, yóò gbé iná káàkiri ni. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ sá jìnnà, ẹ pe 112, tàbí 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Kí ẹnikẹ́ni má padà lọ gbé báàgì tàbí fóònù.

Ẹ̀rọ ìpaná tí a rà nítorí àyẹ̀wò ojú ọ̀nà nìkan lè máà ní agbára mọ́. Ẹ wo abẹ́rẹ́ orí rẹ̀: bó bá wà lójú àwọ̀ ewé, ó dára, bó bá ti bọ́ sí pupa, ẹ lọ rọ ọ́ tuntun. Ẹ dè é sí ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tó o, kì í ṣe abẹ́ ẹrù nínú búùtù. Kí ìdílé tó gbéra ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá ti gbọ́njú kọ́ bó ṣe lè tú bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ fúnra rẹ̀.